Ṣé sátẹ́láìtì lè wọn CO2 tí oko kòkó kan ń fà mu?

Ìbéèrè láti Iléṣà:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa àgbẹ̀ kòkó ní oṣù tó kọjá, àwọn ọkùnrin méjì kan wá bá wa. Wọ́n ní sátẹ́láìtì kan wà lókè tó ń wọn afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì, èyí tí wọ́n ń pè ní CO2, tí igi kòkó wa ń fà mu, oko kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti pé iye tó bá kà ni wọn yóò fi máa sanwó fún wa lọ́dọọdún. Éékà márùn-ún ni oko tèmi. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀ ní irọ́ ni, pé kò sí ẹ̀rọ tó lè rí afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀ láti òkè réré. Wọ́n fẹ́ kí á fọwọ́ sí ìwé kí oṣù yìí tó parí. Ta ni kí bàbá àgbà bíi tèmi gbà gbọ́?

* * *

Ẹ kú iṣẹ́ oko, Bàbá. Ọmọ yín kùnà níbì kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin méjì náà ni ó léwu jù, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì na òótọ́ náà kọjá ibi tó mọ.

Lóòótọ́, CO2 kò ní àwọ̀ lójú wa. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, CO2 a sì máa gbé díẹ̀ nínú wọn mì. Sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní OCO-2, èyí tí àjọ NASA ti Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sókè ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2014, ń yí ayé po ní nǹkan bíi kìlómítà 705 lókè orí wa. Kò gbé fìtílà kankan dání. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó gba inú afẹ́fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tó kan ilẹ̀, tó sì tún gba inú afẹ́fẹ́ padà lọ sókè ni ó ń gbà wọlé, tí ó sì ń tú palẹ̀ bí ìgbà tí òṣùmàrè bá yọ. Níbi tí CO2 bá ti gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò hàn, bí ìlà náà bá sì ṣe dúdú tó ni a fi ń mọ bí CO2 tó wà lọ́nà ṣe pọ̀ tó. Ibi mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ń wò nínú ìmọ́lẹ̀ yìí. Méjì jẹ́ ti CO2, ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ wọn sì jẹ́ máíkírómítà (ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà) 1.61 àti 2.06. Ìkẹta, tó wà ní 0.76, jẹ́ ti ọ́síjìn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ béèrè pé kí ni ọ́síjìn ń wá níbẹ̀. Òun ni ẹlẹ́rìí. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpín afẹ́fẹ́ gbígbẹ, 20.95 ni ọ́síjìn, ì báà jẹ́ ní Iléṣà tàbí ní Tókíò, tọ̀sán tòru. Nítorí náà, tí a bá ka iye ọ́síjìn tí ìmọ́lẹ̀ náà bá pàdé, a ó mọ bí gbogbo afẹ́fẹ́ tó gbà kọjá ṣe pọ̀ tó, a ó sì lè sọ pé CO2 jẹ́ báyìí nínú mílíọ̀nù ìpín afẹ́fẹ́ náà. Láìsí ẹlẹ́rìí yìí, a kò ní mọ̀ bóyá CO2 ni ó dín kù ni, tàbí pé orí òkè ni ìmọ́lẹ̀ náà balẹ̀ sí tí ọ̀nà rẹ̀ fi kúrú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wá sí éékà márùn-ún yín. Ojú ibi kan tí OCO-2 ń wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fẹ̀ tó kìlómítà 1.29, ó sì gùn tó kìlómítà 2.25. Ìyẹn ju 700 éékà lọ. Oko yín kò pé ìdá kan nínú 140 rẹ̀, oko àwọn aládùúgbò yín, ọ̀nà ọkọ̀, odò àti orí páànù ilé ni ìyókù. Kò tán síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́wàá láti ilẹ̀ títí dé òkè pátápátá, CO2 inú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kílò mẹ́fà ààbọ̀. Kí sátẹ́láìtì tó rí i pé CO2 fi ẹyọ kan ṣoṣo dín kù nínú mílíọ̀nù, gíráàmù 15 ni igi gbọ́dọ̀ ti yọ kúrò lórí mítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóròó, tó tó ṣíbí ìjẹun ṣúgà kan tó kún dáadáa. Ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù yìí sì ni ibi tí agbára ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pin sí. Afẹ́fẹ́ tó bá ń fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní mítà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti ré oko yín kọjá kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Igi kòkó kò lè fa gíráàmù 15 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ó ti wù kí ewé rẹ̀ tutù tó.

* * *

Ọ̀pọ̀ nínú yín tó fèsì lẹ́yìn tí mo kọ èyí ló sọ ohun kan náà: pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n ná sórí sátẹ́láìtì náà ṣòfò. N kò gbà.

Iṣẹ́ tí a dìídì rán an ni kí ó wo ilẹ̀ gbígbòòrò, òkun, àti ibi tí èéfín ti ń jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìbúkì, sátẹ́láìtì àwọn ará Jàpáànù tó gòkè ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2009, ni àkọ́kọ́ tí a ṣe nítorí iṣẹ́ yìí nìkan. Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà ni OCO àkọ́kọ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà já sínú òkun nítòsí Antarctica nítorí pé ìbòrí orí rọ́kẹ́ẹ̀tì kò ṣí, wọ́n sì tún òmíràn kọ́ tó fara jọ ọ́, èyí tó di OCO-2. Wọ́n ti fi OCO-2 àti OCO-3, tó wà lára ibùdó òfurufú àgbáyé láti ọdún 2019, wọn èéfín ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Bełchatów ní Poland, tó ń sun èédú. Èéfín ibẹ̀ pọ̀ débi pé ó yọ kedere láàárín afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Ohun tó hàn lórí Bełchatów kò lè hàn lórí oko kòkó.

* * *

Ẹnì kan láti Lágéré kọ̀wé pé òun ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka CO2, pé òun gbé e sójú fèrèsé, ó sì ń ka 560 nínú mílíọ̀nù ìpín afẹ́fẹ́ ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ìròyìn ń sọ pé ìdíwọ̀n àgbáyé kò ju 424 lọ ní ọdún 2024. Ó ní èyí fi hàn pé irọ́ ni sátẹ́láìtì ń pa.

Àbúrò, 560 yín lè jẹ́ òótọ́, 424 náà sì jẹ́ òótọ́. Ibi tí ẹ ti wọ̀n ọ́n ni kò dọ́gba. Láàárín òru, igi, koríko àti ilẹ̀ ń mí CO2 síta, kò sí oòrùn tí ewé yóò fi fà á padà, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ sì tutù ó dúró sójú kan bí omi tó dárogún. CO2 yóò wá kó jọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ràn, afẹ́fẹ́ yóò rú sókè, gbogbo rẹ̀ yóò sì pòpọ̀. Irú ìdíwọ̀n 424 yẹn ń wá láti ibi bíi orí òkè Mauna Loa ní Hawaii, níbi tí Charles David Keeling ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ní ọdún 1958, ní ibi tó ga ju mítà 3,000 lọ tó sì jìnnà sí ìlú àti igbó. Ti sátẹ́láìtì tún yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí pé gbogbo afẹ́fẹ́ láti ilẹ̀ dé òkè ni ó pa pọ̀ tó sì fi ṣe ìdíwọ̀n kan ṣoṣo, ọ̀sán nìkan ni ó sì ń rí.

Èmi náà ti gbé irú ẹ̀rọ yín lọ sí oko ẹ̀gbọ́n ìyá mi lójú ọ̀nà Oǹdó. Mo so ó mọ́ ẹ̀ka kòkó kan tó ga tó àyà mi ní ìrọ̀lẹ́, mo sì padà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìrì ń kán láti ara ewé sórí ọ̀rá tí mo fi bò ó. Mo tanná sí i láti òkèèrè, ó ń ka 512. Mo sún mọ́ ọn kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì mí, ó ti di 690 kí n tó rí bírò. Èémí tèmi ni. Láti ọjọ́ náà, n kì í sún mọ́ ẹ̀rọ CO2 láì ti di èémí mi mú, n kò sì gba ìwé àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ tí kò bá lè sọ fún mi ibi tí òun dúró sí nígbà tó ń kà á. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, ìdíwọ̀n ti bọ́ sí 418 lábẹ́ igi kan náà.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyí máa ń tún ara wọn ṣe fúnra wọn: iye tó kéré jù tí wọ́n bá rí láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á gbà pé afẹ́fẹ́ ìta ni, wọ́n á sì pè é ní 400. Bí ẹ bá gbé e sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, yóò sọ 600 di 400 fún yín láìsí ìkìlọ̀. Ẹ máa gbé e síta lóòrèkóòrè.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ifẹ̀ sọ pé bí kùrukùru bá tilẹ̀ bo ìlú lónìí, sátẹ́láìtì yóò tún kọjá lọ́la, nítorí náà kò sí ìṣòro. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà onímọ̀ pàápàá.

OCO-2 kì í kọjá lọ́la. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ó fi ń padà sí ojú ọ̀nà kan náà, ojú ọ̀nà náà kò sì fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá lọ. Nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni ó ń kọjá. Ní àgbáyé, ó ń wọ̀n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ìgbà lójúmọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni ojú sánmà rẹ̀ mọ́ tó láti lò. Ìdá kan yìí kò sì pín dọ́gba: aṣálẹ̀ ń rí púpọ̀ gbà, ilẹ̀ igbó bíi tiwa ń rí ṣéńṣé.

Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pé jọ sínú iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní DACCIWA, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ìlú mẹ́ta láti wo àwọsánmà ìsàlẹ̀: Kumasi ní Gánà, Savè ní ilẹ̀ Benin, àti Ilé-Ifẹ̀ wa níbí. Ohun tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ ni wọ́n fi ẹ̀rọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tí wọ́n sì ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: afẹ́fẹ́ tútù láti òkun ń wọlé ní òru, àwọsánmà ń ta jọ nísàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ń pẹ́ títí di ọ̀sán kí ó tó fọ́nká. Nígbà tí OCO-2 bá ń kọjá ní aago kan ààbọ̀, ó lè jẹ́ pé àwọsánmà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ni. Ìgbà òjò sì ni igi ń fa CO2 mu jù. Àkókò tó yẹ kí á rí iṣẹ́ igi wa ni ojú sátẹ́láìtì fọ́ jù lórí wa.

Ẹ ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Ọyẹ́ dé nìyẹn. Eruku láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad yóò bo ojú ọ̀run. Ẹ̀rọ kan tó ń wo oòrùn ní Ilorin ti ń wọn eruku yìí láti ọdún 1998, ìwé rẹ̀ sì wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Èmi fúnra mi, ní oṣù kìíní ọdún kan, ni wọ́n ní kí n máa nu dígí ẹ̀rọ tó ń wọn oòrùn lórí òrùlé ilé kan ní Ifẹ̀. Mo fi aṣọ funfun nù ún ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó mọ́. Kí ó tó di ọ̀sán, mo tún nù ún, aṣọ náà pọ́n bí ẹni pé mo fi gbálẹ̀ oko. Eruku yìí kò dí ìmọ́lẹ̀ pátápátá bí àwọsánmà, ìdí nìyẹn tó fi burú jù ú lọ. Díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ á ta lára eruku padà sókè láì kan ilẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ á kúrú, CO2 á sì dà bí ẹni pé ó kéré. Òmíràn á máa ta síwá sẹ́yìn kí ó tó jáde, ọ̀nà rẹ̀ á gùn, CO2 á sì dà bí ẹni pé ó pọ̀. Sátẹ́láìtì rò pé òun rí ilẹ̀, yóò sì fi iye kan ránṣẹ́ tó fani mọ́ra tí kò sì tọ̀nà.

* * *

“Ṣé tí a bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ṣé àṣìṣe náà kò ní parẹ́?” Ìbéèrè tó dára ni èyí, ẹni tó bi í ní ìyá òun ń ta gààrí ní ọjà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á fi kóńgò dáhùn.

Bí ìyá bá ń fi kóńgò tó tọ́ wọn gààrí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń pọ̀ nígbà mìíràn tó ń kéré nígbà mìíràn, ẹni tó bá ra ọgọ́rùn-ún kóńgò yóò rí iye tó yẹ kó rí gbà. Ti òní yóò dí ti àná. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lu ìdí kóńgò náà wọnú, ẹ ra ọgọ́rùn-ún, ẹ ra ẹgbẹ̀rún, gbogbo rẹ̀ ni yóò dín, ó sì máa ń dín sí apá kan náà. Bí kóńgò mìíràn tó tọ́ kò bá sí nítòsí tí ẹ lè da gààrí náà sí kí ẹ fi wé e, ẹ kò ní mọ̀ láé. Àṣìṣe tí eruku ọyẹ́, àwọsánmà tẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọ̀ ilẹ̀ ń fà sínú ìwọ̀n sátẹ́láìtì jẹ́ irú ti kóńgò onídìí lílù. Ó máa ń tẹ̀ sí apá kan, ní àkókò kan náà, lórí agbègbè kan náà, lọ́dọọdún.

Kóńgò tó tọ́ tí wọ́n fi ń yẹ sátẹ́láìtì wò ni àwọn ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń wo oòrùn lójú. TCCON ni wọ́n ń pe àkójọpọ̀ wọn, ọdún 2004 ni wọ́n sì gbé àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Park Falls ní Amẹ́ríkà. Nítorí pé oòrùn ni ẹ̀rọ náà kọjú sí tààrà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò nílò láti ta lára ilẹ̀, eruku kò sì ríbi yí ọ̀nà rẹ̀ padà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ń fi ọkọ̀ òfurufú tó gbé ẹ̀rọ CO2 fò gòkè lórí àwọn ibùdó yìí, kí ìwọ̀n wọn lè bá ti àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé mu, èyí tó sinmi lé àwọn sílíńdà afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tọ́jú ní Boulder ní Amẹ́ríkà. Nígbà míì, OCO-2 á yíjú sí ibùdó kan bó ṣe ń kọjá, a ó sì fi iye méjèèjì wé ara wọn.

Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú ibùdó TCCON. Àwọn tó wà létí wa wà lórí erékùṣù: Ascension láàárín òkun Àtìláńtíìkì, Réunion ní òkun Íńdíà, àti Izaña lórí òkè ní Tenerife. Kò sí èyí tó wà lábẹ́ irú ojú sánmà tí Ifẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

* * *

Inú ń bí ẹnì kan. Ó kà á níbì kan pé sátẹ́láìtì fi hàn pé igbó Áfíríkà ń tú CO2 síta púpọ̀, ó sì ní ète àwọn òyìnbó ni láti di ẹ̀bi rù wá.

Mo mọ ìwádìí tó ń sọ. Paul Palmer ti Yunifásítì Edinburgh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2019. Wọ́n lo ìwọ̀n Ìbúkì àti OCO-2, wọ́n sì rí i pé apá àríwá ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, tó na láti ìwọ̀-oòrùn dé Etiópíà, tú kábọ́ọ̀nù púpọ̀ jáde ní ọdún 2015 àti 2016. Mo ka ìwé náà, n kò rí ète kankan níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni àwọn ènìyàn tó ń fi kóńgò tó wà lọ́wọ́ wọn ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2023, Benjamin Gaubert àti àwọn mìíràn lo ìwọ̀n ọkọ̀ òfurufú iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ATom, tó fò lókè òkun Àtìláńtíìkì láàárín ọdún 2016 sí 2018, tó sì gba afẹ́fẹ́ tó ti orí ilẹ̀ wa fẹ́ jáde. Iye tí àwọn ìṣirò sátẹ́láìtì sọ pé Áfíríkà ń tú síta pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ òfurufú náà rí lọ. Nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n ní ohun tí ilẹ̀ olóoru Áfíríkà ń tú síta àti èyí tó ń fà mu fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ti ọkọ̀ òfurufú ni mo gbà ju, nítorí pé ẹ̀rọ tó fọwọ́ kan afẹ́fẹ́ gan-an ni. Àmọ́ ìgbà mẹ́rin péré ni ó rìn ìrìn àjò náà. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá ti ń wo oòrùn ní Ifẹ̀ lójoojúmọ́ ní ọdún wọ̀nyẹn, àríyànjiyàn yìí ì bá má gbà wọ́n tó ọdún mẹ́rin. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú tó wà fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn tó mọ̀ nípa ojú ọjọ́ wà níbẹ̀, irú ẹ̀rọ náà tó kéré sì wà tí kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 25 lọ, tí ẹni méjì lè gbé gun òrùlé. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

* * *

Bàbá tó béèrè láti Iléṣà ti padà wá. Wọ́n ní àwọn pe ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, ó sì ní sátẹ́láìtì tiwọn kì í ṣe OCO-2, pé tiwọn ń rí ohun tí kò fẹ̀ ju mítà mẹ́wàá lọ.

Ó wá yé mi wàyí. Sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ni ìyẹn, bíi Sentinel-2 tí àwọn ará Yúróòpù fi ránṣẹ́ sókè ní ọdún 2015. Ó ń rí ewé, ó ń rí ibi tí wọ́n gé igi, ṣùgbọ́n kò wọn CO2 rárá. Ẹnì kan ni ó ń jókòó ṣírò láti inú àwòrán náà pé igi tó rí báyìí yóò ti kó kábọ́ọ̀nù tó báyìí sára. Kò sí ohun tó burú nínú ìṣirò náà bí wọ́n bá wọn igi díẹ̀ lórí ilẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n Bàbá, abẹ́ ìrókò àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni kòkó yín wà. Orí ìrókò ni àwòrán yóò rí. Bí wọ́n bá gé kòkó yín ogún lábẹ́ rẹ̀ tàbí tí ẹ gbin ogún mìíràn, bákan náà ni yóò rí láti òkè.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bi wọ́n ta ni yóò wá sí oko pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù láti wọn ìyíká igi ní ibi tó ga tó àyà, igi mélòó ni yóò wọ̀n, àti pé lẹ́yìn ọdún mélòó ni yóò tún padà wá. Ẹ bi wọ́n iye tí àṣìṣe ìṣirò wọn lè tó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà. Ẹ bi wọ́n ẹni tí yóò san owó padà bí ìṣirò ọdún tó ń bọ̀ bá kéré sí ti ọdún yìí láìjẹ́ pé ẹ gé igi kankan. Bí ìwé náà bá ṣì ń sọ pé sátẹ́láìtì ni yóò ka afẹ́fẹ́ orí oko kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà. Ọmọ yín wà ní Ifẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ rán an sí mi kí oṣù tó parí, a ó jọ jókòó ka ojú ewé tó sọ nípa ìwọ̀n náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.